Àbúrò Mi Gba Ẹ̀yìnkùlé Wọlé

Bí ẹ bá wọ gbọ̀ngàn ìlú Wendle, ẹ óò rí àwòrán ńlá kan lára ògiri. Àbúrò mi ló wà níbẹ̀, Ivo Wraxley, ọmọ Ìjòyè Hallowmere, ọ̀gágun ẹlẹ́ṣin tó di aṣòfin, tó sì jókòó ní Ilé Ìgbìmọ̀ ní London títí irun rẹ̀ fi funfun. Ayàwòrán fi idà sí i lọ́wọ́, ó to àmì ẹ̀yẹ sí i láyà, ó wá ya ẹṣin kan sẹ́yìn rẹ̀ tí orí rẹ̀ jọ orí àgùntàn. Juniper, ẹṣin Ivo, kò fìgbà kan jọ àgùntàn. Mo ti bá Mẹ́yọ̀ mẹ́ta jà nítorí orí ẹṣin yẹn, n óò sì bá èyí tó wà níbẹ̀ báyìí jà kí n tó kú.

Àwọn àlejò tó bá mọ̀ pé èmi Lavinia ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a máa bi mí pé ọjọ́ wo ni mo fi ń yangàn jù nínú ayé rẹ̀. Ṣé ọjọ́ tó ṣíwájú àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ wọ àárín àgbá ìbọn àwọn ará Rọ́ṣíà ni, àbí ọjọ́ tó bá ìjọba wí títí tí olórí ìjọba fi bojú wolẹ̀? Mo máa ń sọ fún wọn pé ọjọ́ tó kọ́kọ́ du ipò, tó sì fìdí rẹmi ni. Wọ́n á wo ara wọn, wọ́n á rò pé ogbó ti ń bá mi ṣeré. Kò sí ogbó kankan níbẹ̀. Ojú mi ló ṣe, orí mi sì pé.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí Ivo jẹ́. Ó mọ ẹṣin gùn kó tó mọ bàtà wọ̀. Nígbà tó dàgbà, Baba ra ipò ọ̀gá fún un nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin, bí àwọn ènìyàn wa ti máa ń ṣe láyé ìgbà náà, ó sì wọ aṣọ aláràbarà yẹn débi pé àwọn ọ̀dọ́bìnrin gbàgbé orin ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ogun Rọ́ṣíà dé, ó lọ. Ó padà wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan tí kò lè ká mọ́ àti ọ̀rọ̀ kan tí kò lè gbé mì. Ìbọn kọ́ ló pa àwọn ọmọ ogun rẹ̀ jù. Òtútù ni. Ebi ni. Àwọn ẹṣin ń jẹ ìrù ara wọn nínú yìnyín, koríko gbígbẹ tí wọ́n ṣèlérí fún wọn sì wà nínú ọkọ̀ ní èbúté, ó ń jẹrà, torí pé ẹnikẹ́ni nílùú London kò rántí pé a óò nílò ọ̀nà tí a óò fi kó o gòkè.

“Ẹ̀gbọ́n,” ló sọ fún mi lọ́jọ́ tó bọ́ aṣọ ogun sílẹ̀, “mo fẹ́ bi wọ́n léèrè. N kò fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn. Mo fẹ́ dúró níwájú wọn, kí n béèrè koríko náà, kí wọ́n wo ojú mi.”

Kò sí ibòmíràn tí ènìyàn ti lè ṣe bẹ́ẹ̀ ju Ilé Ìgbìmọ̀ lọ. Àga Wendle sì ni ọ̀nà débẹ̀.

Àga yẹn, tiwa ni. Bàbá bàbá wa jókòó lórí rẹ̀, Baba náà jókòó lórí rẹ̀ kó tó jogún oyè. Ìgbà yẹn, ìbò ìkọ̀kọ̀ kò tíì dé. Ọkùnrin tó bá ní ilé tàbí ilẹ̀ ló ń dìbò, á gun pèpéle onígi tí wọ́n kàn síwájú ilé ọtí Màlúù Pupa, akọ̀wé á bi í léèrè, á sì pariwo orúkọ ẹni tó fẹ́ létí gbogbo ayé. Apá kan á hó yè, apá kejì á ju ẹyin bàjẹ́ lù ú. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń mọ ẹni tó ń ṣíwájú láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àwa obìnrin kò láṣẹ láti dìbò. Iṣẹ́ tiwa ni láti rán ọ̀já aláwọ̀ búlúù, kí a sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi rán ọ̀já náà. Ẹ̀rín músẹ́ yẹn, ẹ bi ẹlòmíràn.

Àṣà kan wà ní Wendle tí gbogbo wa mọ̀ bí a ti mọ àdúrà Olúwa. Bí àwọn méjì bá ń du àga, oníkálukú wọn á gun pèpéle, á sì dìbò fún ẹnì kejì rẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí ni. Kò ná ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun, torí bí èmi bá fún ọ ní ọ̀kan, ìwọ náà á fún mi ní ọ̀kan, kò sẹ́ni tó jèrè, kò sẹ́ni tó pàdánù. Ó kàn fi yé àwọn ará ìlú pé ìjà yìí kì í ṣe ìjà ajá.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ẹni tó dìde láti bá Ivo du àga ni Amos Ogden, olówó ilé iṣẹ́ ìhunṣọ tó wà létí odò. Ìyá rẹ̀ rànwú, òun náà hunṣọ láti kékeré, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ẹni ńlá. Ohùn rẹ̀ le bí ẹ̀rọ ìhunṣọ, kò sì kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. N kò fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀já aláwọ̀ yẹ́lò tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń so mọ́ àyà, ojú máa ń ro mí tí mo bá rí i.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fa àwọn méjèèjì kalẹ̀, Ogden dúró lórí pèpéle, ó tọ́ka sí Ivo. Ó ní, “Ẹ̀yin ará Wendle, ẹ wo Ọ̀gágun dáadáa. Ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀!”

Àwọn ènìyàn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ivo ṣí fìlà fún un. “Òótọ́ lẹ sọ, Ọ̀gbẹ́ni Ogden. Mo ti já bọ́ débi pé ilẹ̀ mọ orúkọ mi.”

Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Ọ̀gágun, ṣé ẹṣin rẹ á bá ọ jókòó nílé Ìgbìmọ̀ ni?”

“Ó fẹ́ lọ, wọ́n ní kò yẹ. Ó gbọ́n jù fún wọn.”

Wendle rẹ́rìn-ín, àtàwọn búlúù àtàwọn yẹ́lò. Nígbà náà ni Ivo na ọwọ́ sí Ogden, bí Baba ti ń ṣe, bí bàbá bàbá wa ti ń ṣe, ó sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo ayé lè gbọ́. “Ọ̀gbẹ́ni Ogden, tiyín ni ìbò mi lọ́la.”

Ogden gbọn ọwọ́ rẹ̀ tìdùnnú-tìdùnnú. “O ṣé gan-an! Tèmi náà sì jẹ́ tèmi. Ó di méjì!”

A tún rẹ́rìn-ín. A rò pé àwàdà ni. Àṣìṣe wa nìyẹn, irú èyí tó jẹ́ pé àwa nìkan la lè ṣe é: ohun tí gbogbo wa mọ̀ láti inú oyún, kò sẹ́ni tó rò pé ẹlòmíràn lè má mọ̀ ọ́n. Tobias Pym, lọ́yà tó ń bójú tó ètò ìdìbò fún wa, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun gan-an ló rẹ́rìn-ín jù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdìbò, a jẹun pẹ̀lú Baba. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kú láti bí ọdún mélòó kan, àga oníkẹ̀kẹ́ ló ń jókòó sí, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì kú rárá. Ó gé ẹran, ó jẹ ẹ́, ó nu ẹnu, ó ní, “Ivo, ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Bí àga bàbá mi bá bọ́ sọ́wọ́ ahunṣọ lónìí, má ṣe gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọ ilé mi mọ́.”

Mo ní, “Baba, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀.”

“Mo ti sọ ọ́.”

Ivo tẹ orí ba. “Mo gbọ́, Baba.”

Ẹ ò mọ Ivo. Bí ó bá sọ pé òun gbọ́, ó ti gbọ́ nìyẹn.

Mo jókòó sójú fèrèsé òkè ní Màlúù Pupa láti àárọ̀. Pym ń sá gòkè, ó ń sá sọ̀kalẹ̀, òógùn ń kán ní imú rẹ̀. Ìbò ń lọ, àwa ṣíwájú díẹ̀, wọ́n bá wa, wọ́n ṣíwájú díẹ̀, a bá wọn. Kí oòrùn tó kan àtàrí, Ogden fúnra rẹ̀ gun pèpéle. Gbogbo ojúde dákẹ́, torí gbogbo wa ń retí ẹwà àṣà wa. Akọ̀wé bi í léèrè. Ó na àyà, ó ké bí ẹni tó ń pe àwọn òṣìṣẹ́ lórí ariwo ẹ̀rọ.

“Amos Ogden!”

Ẹ ò rí ojúde náà! Àwọn tiwa ń wo ara wọn bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Àwọn tirẹ̀ pàápàá, àwọn àgbà inú wọn, wo bàtà ara wọn. Ogden alára ń rẹ́rìn-ín, ó ń juwọ́, kò mọ nǹkan kan.

Pym já wọlé. “Omidan Lavinia! Ó dìbò fún ara rẹ̀!”

“Mo gbọ́. Gbogbo ayé gbọ́. Ta ló yẹ kó sọ fún un?”

“Ta ló máa sọ fún un? Ṣé a máa ń sọ fún àgbàlagbà pé kó má fi aṣọ tábìlì nu imú ni?”

Nígbà tí wọ́n sọ fún Ivo, tó ń gẹṣin kiri àdúgbò láti kó àwọn olùdìbò rẹ̀ jọ, ẹ̀rín ló rín. Ó ní, “Ẹ má bínú sí i. Kò mọ̀ ni.” Ó sì tún gẹṣin lọ.

Ìrọ̀lẹ́ dé, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n. Aago ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ lu mẹ́rin, tí wọ́n máa ti pèpéle pa. Pym gòkè wá, kò sáré mọ́. Ìrìn rẹ̀ dà bí ìrìn ẹni tó gbé ẹyin dání.

“Wọ́n dọ́gba,” ló wí.

“Kí lo sọ?”

“Ìbò dọ́gba, Omidan. Gbogbo ẹni tó lè dìbò ló ti dì í tán. Ó ku ẹnì kan.”

Kò darúkọ ẹni náà. Ivo ti wọlé lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbọn òjò kúrò lára fìlà.

Pym dì í lápá. “Ọ̀gágun, ẹ gòkè lọ, kí ẹ pe orúkọ ara yín. Ó tán. Ẹ ti di aṣòfin.”

“Mo ti fún Ogden ní ìbò yẹn.”

“Ogden kò fún yín ní tirẹ̀! Ó ti fọ́ àṣà náà fúnra rẹ̀, kò sí gbèsè kankan lọ́rùn yín mọ́. Tó bá le fún yín, ẹ dákẹ́. Ẹ má dìbò rárá. Tó bá dọ́gba, ẹjọ́ á lọ sí London, a óò rí i bá wọn fà.”

“N kò sọ fún un pé bó bá fún mi, n óò fún un. Mo ní tirẹ̀ ni. O wà níbẹ̀.”

Inú bí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, inú bí mi débi pé mo gbé ife tíì, mo sì gbé e kalẹ̀ kí n má baà jù ú. Mo ní, “Ivo Wraxley, gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ìwọ fẹ́ bọ́ ti ìdí ara rẹ, kí o fi sí ìdí Amos Ogden! Àwọn ọmọ ogun rẹ ńkọ́, àwọn tó wà lábẹ́ yìnyín? Ta ló máa bá wọn béèrè koríko?”

Ọ̀rọ̀ yẹn bà á. Mo rí i. Ó lọ sójú fèrèsé, ó gbé ọwọ́ lé dígí, ó ń wo òjò lórí pèpéle. Mo ń gbàdúrà pé kó yí ọkàn padà.

“Ẹ̀gbọ́n,” ló wí, kò yíjú padà, “nígbà tí a wọ ọkọ̀ lọ, ọkùnrin kan ṣèlérí fún wa pé oúnjẹ ń bọ̀ lẹ́yìn. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní in lọ́kàn lọ́jọ́ tó sọ ọ́. Nígbà tó yá, ó rí i pé kò rọrùn mọ́, ó wò ó pé kò sẹ́ni tó máa mú òun sí i, ó sì jókòó. Nítorí náà ni Harker, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun mi, fi kú, tó jẹ́ pé bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. Bí mo bá dé London tí mo sì fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, ẹnu wo ni kí n fi béèrè?”

Pym jókòó sórí àpótí, ó fi ọwọ́ bo ojú.

Ivo sọ̀kalẹ̀. Mo ṣí fèrèsé pátápátá, òjò ń wọlé, n kò tilẹ̀ bìkítà. Àwọn ènìyàn wa rí i, wọ́n hó, wọ́n ju fìlà sókè, torí wọ́n mọ̀ pé ó ti dọ́gba, wọ́n sì gbà pé ó ń bọ̀ wá gbé àga rẹ̀. Ó fa ẹsẹ̀ líle yẹn gun àtẹ̀gùn. Akọ̀wé bi í léèrè.

“Amos Ogden,” ni Ivo wí. Kò pariwo, kò sì rọ ohùn. Bí ẹni tó ń kí ènìyàn ní òpópónà ló ṣe sọ ọ́.

Aago lu mẹ́rin.

Ẹ rò pé wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un? Àwọn tiwa gan-an ló kọ́kọ́ ju ẹyin. Ó bá a ní èjìká, ó ń ṣàn wálẹ̀ lára ẹ̀wù rẹ̀. Ẹnìkan pè é ní aṣiwèrè, ẹnìkan ní wọ́n ti rà á. Ó dúró, ó gbà á. Ọ̀gá ẹlẹ́ṣin kì í tẹ orí ba fún àgbá ìbọn, ẹyin adìyẹ ni yóò wá bẹ̀rù? Ó ṣí fìlà fún Ogden, ó sì sọ̀kalẹ̀.

Ogden ń wo gbogbo rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. “Kí ló ṣe é? Ṣé orí rẹ̀ dàrú ni?”

Pym ti sọ̀kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn Pym láti òkè, ó sọ ọ́ fún un bí ẹni tó ń da omi gbígbóná sí i lára. “Rárá, Ọ̀gbẹ́ni. Àṣà wa ni. Ẹni tó bá ń du àga, ẹnì kejì rẹ̀ ló ń dìbò fún. Láti ayé bàbá bàbá rẹ̀. Ó sì sọ fún yín lánàá.”

Mo rí ojú Amos Ogden nígbà tó yé e. N kò fẹ́ràn ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n mo yí ojú kúrò. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ti gbé àga olódòdó dé láti gbé e yí ìlú ká bí a ti ń gbé ẹni tó bá wọlé. Wọ́n wá a, wọn kò rí i. Àga náà nìkan ni wọ́n gbé yí Wendle ká nínú òjò, pẹ̀lú òdòdó yẹ́lò rẹ̀ gbogbo.

Ivo gẹṣin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹṣin mi títí a fi dé ẹnu ọgbà ilé wa. Níbẹ̀ ni ọ̀nà ti pín: ọ̀kan sí iwájú ilé, ọ̀kan sí ilé ẹṣin àti ẹ̀yìnkùlé. Ó fa Juniper sí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.

Mo yọ orí síta. “Ivo, má ṣe bẹ́ẹ̀! Ìbínú ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu Baba.”

“Ilé rẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n. Ibi tó bá ní kí n gbà ni mo máa gbà.”

Mo bú u. Mo bú Baba mọ́ ọn. Mo sì gba iwájú lọ, mo ti to gbogbo ọ̀rọ̀ tí n óò sọ fún bàbá yẹn sẹ́nu.

Ilẹ̀kùn iwájú wà ní ṣíṣí gbayawu. Òjò ń fẹ́ wọ gbọ̀ngàn, àwọn ìránṣẹ́ tò síbẹ̀, wọ́n ń gbọ̀n. Láàárín wọn ni Baba wà lórí àga oníkẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó wọ ẹ̀wù oyè. Ọ̀kan nínú àwọn olùtọ́jú ẹṣin ti gẹṣin ṣáájú wa, ó ti ròyìn fún un. Baba wo ẹ̀yìn mi, kò rí ẹnikẹ́ni.

“Àbúrò rẹ dà?”

“Ó gba ẹ̀yìnkùlé.”

“Ta ló ní kó gba ẹ̀yìnkùlé?”

“Ẹ̀yin ni.”

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò sẹ́nu, n kò rí ọ̀kan lò. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti sọ wọ́n fún ara rẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bàbá mi sì jókòó síbẹ̀, ó ń wo tirẹ̀ nílẹ̀. Ó ní, “Ẹ tì mí lọ sí ilé ìdáná.”

Kò sẹ́ni tó mira. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i nínú ilé yẹn, kò dé ilé ìdáná rí. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ bóyá àga rẹ̀ gba ọ̀nà náà. Kò gbà á. Wọ́n gbé e tàga-tàga, wọ́n ń fi í gbá ògiri, ó ń bú wọn, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́, títí a fi bọ́ sínú ooru àti òórùn àlùbọ́sà.

Ivo jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó ti bọ́ bàtà kan. Ìyá Tansley, alásè wa, ti fún un ní ọbẹ̀ ẹran, ó sì ń fi aṣọ nu ẹyin kúrò ní èjìká rẹ̀. Gbogbo wọn dìde wuya.

Baba wo àyíká. “Ṣé ibí yìí ni ẹ ti ń jó ẹran mi lọ́jọọjọ́?”

“Ibí ni, Ọlọ́lá mi,” ni Ìyá Tansley wí. “Iná kan náà ni.”

Baba yíjú sí Ivo. “Wọ́n ní ìbò dọ́gba kí o tó gòkè.”

“Ó dọ́gba, Baba.”

“O mọ̀?”

“Mo mọ̀.”

Baba ní, “Gbogbo ìgbà tí mo du àga yẹn ni mo dìbò fún ẹnì kejì mi. Mo sì ń fi yangàn nídìí oúnjẹ, ẹ̀yin méjèèjì ti gbọ́ ọ títí ó fi sú yín. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà náà ni ẹni náà ti kọ́kọ́ fún mi ní tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bi mí léèrè rí ohun tí n óò ṣe bí kò bá fún mi.” Ó na ọwọ́. “Ìwọ ni wọ́n bi. Ìwọ ni o dáhùn fún gbogbo wa. Wá síbí, ọmọ mi.”

Ivo kúnlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kan tó lè ká, ó gbé ọwọ́ náà sí iwájú orí. Ìyá Tansley ń sunkún sínú aṣọ ẹlẹ́yin. Èmi náà ń sunkún, kò sì tì mí lójú.

Bí a ti wà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Amos Ogden ni, omi ń kán lára rẹ̀, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Baba ní, “Ta ló fi ibí hàn yín?”

“Ìyá mi ni. Òwú tó bá ran, ibí yìí ló ń gbé e wá. Mo máa ń dì mọ́ aṣọ rẹ̀.” Ó yíjú sí Ivo, ó sì gbaná jẹ. “Ọ̀gágun, ẹ ti bà mí jẹ́! Ó sàn kí ẹ nà mí ní gbangba ju ohun tí ẹ ṣe fún mi yìí. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni nínú gbogbo yín, pẹ̀lú ìwé tí ẹ kà, kò la ẹnu sọ fún mi?”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pe Ivo ní ẹ̀yin.

Ivo ní, “A rò pé ẹ mọ̀. Ẹ má bínú, Ọ̀gbẹ́ni Ogden. Àwa la jẹ̀bi ìyẹn.”

Ogden kò mọ ohun tó máa fi ìbínú rẹ̀ ṣe mọ́. Ó yí fìlà po lọ́wọ́. “Kí ni ẹ tilẹ̀ fẹ́ lọ ṣe nílé Ìgbìmọ̀ yẹn?”

“Mo fẹ́ béèrè koríko àwọn ẹṣin mi, àti bàtà àwọn ọmọ ogun mi.”

“Ẹ jókòó, kí ẹ sọ ọ́ fún mi látìbẹ̀rẹ̀. N óò béèrè rẹ̀. Èmi mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè ẹrù tí kò dé.”

Ó sì béèrè rẹ̀. Ohùn ẹ̀rọ ìhunṣọ yẹn gbọn Ilé Ìgbìmọ̀ jìgìjìgì, Ivo wà lókè láàárín àwọn òǹwòran, ó ń gbọ́. Nígbà tí wọ́n tún dìbò ní Wendle, Ogden ló kọ́kọ́ gun pèpéle láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ké “Ivo Wraxley” débi pé àwọn ẹyẹ fò lórí ṣọ́ọ̀ṣì, Ivo náà gòkè, ó ní “Amos Ogden,” ìlú sì gbé Ivo wọlé. Ṣùgbọ́n ìyẹn ṣì ń bọ̀ níwájú. Lọ́jọ́ tí mò ń wí, Baba gbá apá àga rẹ̀.

“Ó tó. Aṣojú Wendle kì í jókòó ní ilé ìdáná mi. Ọ̀gbẹ́ni Ogden, ẹ bọ́ síwájú, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún yín.”

Ogden mi orí. “N kò ní gba iwájú, Ọlọ́lá, àyàfi tí ẹni tó gbé mi débẹ̀ bá kọ́kọ́ gbà á.”

“Òun náà ń bọ̀. Kí lẹ rò pé mo wá ṣe níbí?”

Ni wọ́n bá jáde sínú òjò. Ivo ń tiro, ó di apá kan àga mú, Ogden di apá kejì, wọ́n ń ti Baba yí ilé ká nínú ẹrẹ̀, Baba sì ń pàṣẹ fún wọn bí ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ ọmọ ogun. “Ọ̀tún! Mo ní ọ̀tún, ẹ̀yin aṣòfin!”

Èmi gba inú ilé, mo gbé ìṣẹ́tí aṣọ mi sókè, mo sáré bí ọ̀dọ́mọdébìnrin. Ilẹ̀kùn iwájú ṣì wà ní ṣíṣí bí Baba ti fi í sílẹ̀. Mo tì í.

Ẹnu ya olórí àwọn ìránṣẹ́. “Omidan, wọ́n mà ń bọ̀!”

“Mo mọ̀. Kúrò níbẹ̀.”

Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo ń gbọ́ kẹ̀kẹ́ àga lórí òkúta. Wọ́n kan án. Mo fa ilẹ̀kùn náà ṣí pátá, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣí i, Ivo sì dúró níbẹ̀ níwájú wọn, bàtà kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹyin lára ẹ̀wù rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n,” ló wí, “ṣé kí n wọlé?”